Èmi Méjì ni Tábìlì Àlájà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìwọ̀n ni mí. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń lo tépù tàbí rúlà, èmi ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń lò. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ẹní kan ṣe gùn tó, wọn á ní kí n wá dùbúlẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ ra okùn lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kiri, n ó dúró gbọnrangandan, wọn á na okùn náà láti orí mi dé gìgísẹ̀ mi, wọn á sì sọ fún ẹni tó ń tà pé Àbẹ̀kẹ́ mẹ́rin làwọn fẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan.

Abúlé wa wà ní apá Akínyẹlé. Ilé tó wà níbẹ̀ kò ju bí ogún lọ, ọ̀nà amọ̀ pupa kan ló sì gba àárín wọn kọjá. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, wọ́n ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, àti ata tí wọ́n ń gbé lọ tà ní ọjà Ṣáṣá. Ìyá Àgbà ní tiwọn kì í lọ sóko, aṣọ ni wọ́n ń hun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní abúlé á rántí òfì àwọn obìnrin, èyí tó máa ń dúró ti ara ògiri: igi méjì lóòró, igi méjì ní ìbú, òwú á wá nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, wọn á máa fi òwú mìíràn gba àárín kọjá láti ọ̀tún sí òsì, wọn á sì máa fi pátákó pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní apásà gbá a mọ́lẹ̀. Kíjìpá ni wọ́n ń hun. Aṣọ náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí Ìyá Àgbà bá tú ìró wọn sílẹ̀, ìró náà á ṣì dúró fúngbà díẹ̀ kó tó rántí pé òun gbọ́dọ̀ ṣubú.

Ẹ̀gbẹ́ òfì yẹn ni ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nílé wa. Kí n má purọ́, kì í ṣe aṣọ ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Òfin kan wà nílé wa pé wọn kì í rán ọmọ tó bá mú òwú lọ́wọ́ níṣẹ́, kí òwú má baà lọ́ mọ́ra. Ọmọ mẹ́jọ péré la wà nínú agbo ilé, àwọn àgbàlagbà tó ń wá ẹni tí wọn óò rán sì pọ̀ jù wá lọ: lọ pọnmi wá, lọ ṣa igi, lọ wò ó bóyá ewúrẹ́ ti wọ inú ẹ̀gẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnì kan fa orúkọ mi gùn láti ẹ̀yìnkùlé, mo ti di òwú mú nìyẹn. Ìmẹ́lẹ́ ló sọ mí di ọmọ iṣẹ́ Ìyá Àgbà. Ìgbà tó yá ni mo wá fẹ́ràn òórùn òwú tuntun, àti òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí ìpara tó wà lára wọn, àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ wọn kan tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí oorun bá ń gbé mi lọ.

Lọ́dún tí mo pé mẹ́wàá, bàbá mi ra alùpùpù àlòkù kan. Pupa ni, ariwo rẹ̀ sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi ń dìde kúrò lórí ẹyin bó bá ń kọjá. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká a mọ́ àgbàlá, wọ́n bọ́ ẹ̀wù ọrùn wọn, wọ́n fi bò ó, àwọn fúnra wọn sì dúró tì í nínú òjò títí ó fi dá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òfì wà, torí ibẹ̀ nìkan ni alùpùpù lè dúró sí nínú ilé láìdí ọ̀nà. Wọ́n ní ta ló tún ń ró kíjìpá láyé yìí, pé ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti wá béèrè aṣọ, pé kí àwọn tú òfì náà kí àwọn fi igi rẹ̀ kan ilé ewúrẹ́. Ìyá Àgbà kò bá wọn jà. Wọ́n kàn ní, "Ràṣídì, jẹ́ kí n kú ná." Bàbá mi wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n rí i pé ara ìyá àwọn le koko, ojú wọn sì fà ro.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Àlájà fi wá sí abúlé wa, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Àlájà ní ṣọ́ọ̀bù ata ní Ṣáṣá, àwọn ló máa ń ra ata bàbá mi. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ti jẹun níbẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n wọ aṣọ fún. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wọn láti ìgbà náà. Wọ́n ti ra tábìlì ńlá kan sí pálọ̀ wọn, wọ́n sì fẹ́ aṣọ tí yóò wọ̀ ní Iléyá tó ń bọ̀. Wọn ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, torí gbogbo ènìyàn ló ní i. Wọ́n fẹ́ èyí tí a fi ọwọ́ hun, kí ó sì ní irun lára bíi ti ìnura kan báyìí tí wọ́n mú ti Mẹ́kà bọ̀. Wọ́n bi Ìyá Àgbà bóyá wọ́n lè hun irú rẹ̀. Ìyá Àgbà gba ìnura náà, wọ́n fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, wọ́n ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Wọn ò hun irú rẹ̀ rí láyé wọn.

Bàbá mi ló fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ní tí aṣọ náà bá tẹ́ Àlájà lọ́rùn lọ́jọ́ Iléyá, òfì dúró síbi tó wà. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ní ọjọ́ kejì Iléyá làwọn yóò tú u. Ìyá Àgbà ní ó dáa. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó kàn mí níbẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé tí òfì bá lọ, n ó máa lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Olódò. Mi ò fẹ́ Olódò. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà mi ni mo fẹ́ wà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà mọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ tuntun ni kí wọ́n tú ti ẹlòmíràn palẹ̀. A jókòó ti ìnura Mẹ́kà, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní òwú kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà la fi tú u. Ìyá Àgbà á fa òwú kan, wọn á wò ó, wọn á ní, "Ẹ̀ẹ́n, o rí i, ibí ló gbà," wọn á sì tún fa òmíràn láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ náà ló gbà. Nígbà tí wọ́n fi gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n dájú, ohun tó kù nínú ìnura náà kò tó nu imú ọmọdé. Ìyá Àgbà ká òwú rẹ̀ jọ róbótó, wọ́n fi lélẹ̀ fún bàbá mi kí wọ́n dá a padà fún Àlájà pẹ̀lú ẹ̀mí ìmoore. Bàbá mi ní Àlájà yí òwú náà lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì béèrè pé níbo ni ìyókù wà.

Àṣírí irun náà ni ẹ̀yọ ọwọ̀. Bí a bá ti fa òwú kọjá, a ó fi ìka gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, a ó ti ẹ̀yọ ọwọ̀ kan bọ abẹ́ rẹ̀, a ó gbá a mọ́lẹ̀, lẹ́yìn ìgbà náà ni a ó wá fa ẹ̀yọ ọwọ̀ náà yọ. Òwú tó ti gbé e gẹ̀gẹ̀ á dúró bíi ṣàkì inú ẹran, ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi sọ iṣẹ́ náà ní ṣàkì. Ẹ̀yọ ọwọ̀ a máa ṣẹ́, a sì nílò rẹ̀ púpọ̀. Láàárín oṣù méjì, ọwọ̀ ìyá mi ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ó wá di pé wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ibì kan tó mọ́. Wọ́n fura sí mi, wọn ò sì ṣìnà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn ìdáná títí apá mi fi kú tipiri, ṣùgbọ́n mo mú òwú dání ní ọwọ́ kan, kí wọ́n má baà tún rán mi níṣẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Kí a tó na òwú sórí òfì la gbọ́dọ̀ ti mọ bí aṣọ yóò ṣe gùn tó, torí bí a bá ti nà á tán, kò ṣeé yí padà mọ́. Èmi àti Ìyá Àgbà lọ sí Ṣáṣá lọ wọn tábìlì. Àlájà mú tépù jáde, Ìyá Àgbà kò gbà á. Wọn kì í fi okùn tàbí ọ̀pá wọn ohun tí alààyè yóò lò, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọn òkú fún sàréè. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n gun tábìlì. Mo dùbúlẹ̀, orí mi wà ní etí kan. Wọ́n fi ìka sí ibi gìgísẹ̀ mi, mo sún lọ síwájú, mo tún dùbúlẹ̀, gìgísẹ̀ mi sì bá etí kejì ṣe déédéé. Ìyá Àgbà wò ó, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Àlájà, Ọlọ́run ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún wa. Ọmọ yìí méjì ni, kò lé, kò dín. A ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un fún ibi tí yóò rọ̀ sílẹ̀." Àlájà ní kò burú. Báyìí ni àdéhùn ṣe wà láàárín wọn, èmi méjì àti ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ṣùgbọ́n òfì kò fẹ̀ tó tábìlì. Abala mẹ́ta la ní láti hun, kí a tó wá rán wọn pọ̀. Iṣẹ́ ṣàkì sì ń falẹ̀ gan-an, nígbà mìíràn ohun tí a óò hun láti àárọ̀ títí di ìrun àsárì kì í ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Oṣù méjì ààbọ̀ la fi hun abala kìíní. Ìyá Àgbà ká a sínú àpò, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi mí wọn òwú abala kejì, a sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn náà parí, wọ́n tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abala kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìka mẹ́rin.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan òwú. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ̀sùn kan ilẹ̀, wọ́n ní ó ti wọ́. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wò mí láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni tó rí olè nínú yàrá. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti ń ga." Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí wọn ò fi abala kìíní wọn abala kẹta. Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní aṣọ a máa fà, a sì máa sún kì, ènìyàn kì í fi ohun tó ń sún kì wọn nǹkan, egungun ọmọ ni kì í sún kì. Wọ́n tún ní ojú Àlájà la ti ṣe àdéhùn, èmi méjì la sì sọ, a ò sọ pé aṣọ méjì. Nítorí náà, kò sí ohun tó kù ju kí n má ga mọ́ títí a óò fi na òwú abala kẹta. Òwú náà sì ti tán, a ní láti retí kí àwọn tó ń ta á tún dé, èyí tó gba oṣù méjì gbáko.

Báyìí ni ogun bẹ̀rẹ̀ lórí egungun mi. Ìyá Àgbà sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má fún mi ní ẹ̀wà mọ́, ẹ̀wà ń na egungun. Wọ́n ní kí n má bá àwọn ẹgbẹ́ mi ta tẹ́ńtẹ́, kí n má fò, kí n má gun igi máńgòrò torí ẹni tó bá ń nawọ́ sókè ń ga. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun tán, wọn á ní kí n jókòó sílẹ̀ kí n na ẹsẹ̀ mi, wọn á sì gba orí ẹsẹ̀ náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá kì í ga mọ́. Gbogbo ọmọ abúlé ló mọ̀ ọ́n, a sì máa ń pariwo tí ẹnikẹ́ni bá ṣe é sí wa. Èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bàbá mi wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí àyè alùpùpù wọn níbẹ̀. Bí mo bá ga sí i, aṣọ á wọ́, Àlájà á kọ̀ ọ́, òfì á kúrò. Bí Ìyá Àgbà bá ti wọlé lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá mi á jáde látẹ̀yìn ilé, wọn á ní kí n tún ẹsẹ̀ mi nà, wọn á sì gba orí rẹ̀ padà sí ìhà tí Ìyá Àgbà ti wá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí bí a ṣe ń tú u nìyẹn. Wọ́n tún máa ń pè mí sí ẹ̀yìn abà, wọn á yọ ẹyin sísè nínú àpò ṣòkòtò. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin Fúlàní bá kiri wàrà wá, ti èmi nìkan a máa jẹ́ márùn-ún. Ìyá mi mọ ohun tí tọ̀tún tòsì ń ṣe, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sínú abọ́ tí wọ́n ń fọ̀.

Mi ò lè sọ fún yín pé mo ṣe dáadáa níbi ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹyin tí mo bá jẹ ń ti òfì kúrò lára ògiri. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà dénú, ojú sì ń tì mí gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń sunkún díẹ̀ kí n tó jẹ ẹyin náà, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí òwú dé, tí mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀, Ìyá Àgbà rí i pé mo tún ti ga sí i. Wọ́n na òwú abala kẹta, a sì hun ún. A fi ọ̀sán Àráfà, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, rán abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní etí kan, wọ́n bára mu rẹ́gí. Ní etí kejì, abala kìíní dúró, abala kejì rìn kọjá rẹ̀, abala kẹta sì rìn kọjá méjèèjì, bí àtẹ̀gùn ilé òkè. Kò ṣeé gé, torí bí a bá gé ṣàkì, gbogbo òwú rẹ̀ á máa yọ ni. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa á lórí lọ, pa á lórí bọ̀. Ó funfun, ó rọ̀, àwọn ìlà aláró sì wà létí rẹ̀. Aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n hun rí nìyẹn, kò kàn gún ni. Bàbá mi wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lọ wọn ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àgbò tán, bàbá mi fi alùpùpù gbé èmi àti Ìyá Àgbà lọ sí Ṣáṣá, aṣọ wà láàárín wa. Àlejò ti kún pálọ̀ Àlájà. Àáfà àdúgbò náà, bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun, ni wọ́n fi sí ìdí tábìlì. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bàbá mi sì dúró tì wọ́n. Àwọn ọmọ ilé náà tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Gbogbo ènìyàn wò ó, wọ́n ní ó dára, ó dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan lé e.

Kò sí ife kan tó dúró lórí ṣàkì. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, á kọ́kọ́ rọra tẹ̀, á sì dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí olúkúlùkù àlejò fi ń di ìgò mínírà rẹ̀ mú láàárín orúnkún. Ìrẹsì tó bá bọ́ sílẹ̀ á wọ inú irun aṣọ náà lọ, kò sì ní jáde mọ́. Wàhálà gan-an wá wà ní ìdí tábìlì, níbi tí abala kẹta ti rọ̀ wálẹ̀ sórí itan Àáfà, tó kọjá orúnkún wọn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àáfà rò pé ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn fi nu ọwọ́, wọ́n sì ti fi nù ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rá ẹran.

Àlájà rí i. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí aṣọ yìí fi ń sáré lọ sílẹ̀ lápá ibì kan?"

Mo wo bàbá mi, bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà dìde lórí àga, wọ́n ní, "Àlájà, bí a ṣe jọ sọ ọ́ ni mo ṣe é. Ọmọ yìí méjì àti ìgbọ̀nwọ́ kan. Tó bá jẹ́ irọ́, kí a wọ̀n ọ́n."

"Kí a wọn kí ni, Ìyá?"

"Àbẹ̀kẹ́, bọ́ bàtà rẹ."

Wọ́n kó àwo kúrò lórí apá kan tábìlì. Mo gun orí tábìlì náà pẹ̀lú aṣọ Iléyá mi, mo dùbúlẹ̀ láàárín ìrẹsì àti ẹran àgbò, mò ń wo àjà. Ìyá Àgbà fi ìka sí ibi gìgísẹ̀ mi. Wọ́n tún kó àwo apá kejì. Mo sún lọ síwájú, mo tún dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì yọ jáde kọjá etí tábìlì lọ sí iwájú àyà Àáfà. Àáfà gbé abọ́ ẹran wọn sókè kí n má baà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà gbé etí abala kẹta, wọ́n nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọn wọn ohun tó kù. Ó pé gẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Aṣọ kò gùn jù. Tábìlì ni kò dàgbà."

Àlájà wá sí ìdí tábìlì, wọ́n wo etí aṣọ, wọ́n sì wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí abala kìíní parí sí. "Ìyá, ibí yìí ni ọmọ yìí wà nígbà tó kọ́kọ́ gun tábìlì mi?"

Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní èyí tó tẹ̀ lé e ni bó ṣe wà lẹ́yìn òjò, èyí tó kẹ́yìn ni bó ṣe wà báyìí.

Àlájà kò gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí aṣọ. "Wàláhì, ọmọ mẹ́rin ni mo bí," wọ́n ní. "Ọjà ni mo wà. Mi ò mọ ìgbà tí ìkankan nínú wọn ga." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n bi wá pé, "Ta ló bọ́ ọmọ yìí tó báyìí láàárín ọdún kan?"

Ìyá Àgbà yí orí wọn sí bàbá mi díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ní Ọlọ́run ni.

Àlájà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi abẹ kan aṣọ náà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé tábìlì kékeré kan wá, wọ́n fi kún ìdí ti ńlá, kí abala kẹta lè rí ibi gbé ara lé, wọ́n sì ní kí Ìyá Àgbà wá jókòó síbẹ̀ jẹun. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti fa ọmọ ọmọ wọn kan jáde, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń ké, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà fi wọn aṣọ mìíràn fún ọdún tó ń bọ̀. Àáfà náà ní àwọn ní ọmọ kan nílé. Nígbà tí a dé abúlé, bàbá mi bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n fi bo alùpùpù wọn lójú àgbàlá, wọn ò sì sọ̀rọ̀ òfì mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ènìyàn máa ń gbé ọmọ wọn wá láti Ṣáṣá àti ìlú mìíràn, wọ́n gbà pé bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ tábìlì nìyẹn. Mo jókòó ti òfì náà títí mo fi lè dá hun ṣàkì láìṣẹ́ ẹ̀yọ ọwọ̀ kan. Ìyá Àgbà kò sì jáwọ́ nínú wíwọ̀n mí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń dùbúlẹ̀, kódà nígbà tí kò sí òwú kankan lórí òfì, kódà nígbà tí mo ti lé lógún ọdún tí mi ò ga mọ́. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò, wọn á ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Olódò náà ni mo padà wá ń gbé, ọkọ ló gbé mi débẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Aṣọ orí tábìlì mi jẹ́ ti rọ́bà, òdòdó ni wọ́n yà sí i, ife sì ń dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ mi ń jẹ ẹ̀wà bó ṣe wù wọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sì bá wọn jà lórí egungun wọn. Aránṣọ ló ń fi tépù wọ̀n wọ́n fún aṣọ ilé ìwé, ìwé kékeré kan ló sì ń kọ nọ́mbà wọn sí, tí yóò sọ nù kí ọdún tó parí. Ayé ti rọrùn, mi ò ní purọ́. Ní ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní kí n dúró ti ògiri, ó wo igi tó wà lókè orí mi, ó sì ka nọ́mbà kan jáde láìwo ojú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀, mo sì ń sunkún bí ọmọdé, torí pé láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti lọ, kò sí ẹnì kan láyé yìí tó mọ bí mo ṣe gùn tó mọ́.